Níbo la ó máa sùn? Mọ́tò wa, òkun, àti ọ̀nà Kùtọnu sí Lomé

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá. A wà ní Godomey, lẹ́nu ọ̀nà Kùtọnu, mọ́tò ò lọ síwájú, kò sì ṣeé dá padà. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọjọ́ náà le débi pé àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, àwọn zemidjan tí wọ́n máa ń yọ́ gba àárín ọkọ̀ méjì bí ẹja, dúró tì wá, wọ́n fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà nídìí ọkọ̀. Màmá wa wà lẹ́yìn, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ti tú gèlè, wọ́n fi orí ti gíláàsì. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Àfi bí wọ́n ṣe la ojú, wọ́n wo iwájú títí, wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òkun lo ní ká wá wò, àbí ẹ̀yìn tírélà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Alẹ́ kẹta rèé tí a ń wọ Kùtọnu báyìí. Láàárọ̀ a ó jáde, a ó kọrí sí Ouidah tàbí kí a kọjá rẹ̀, a ó rí nǹkan díẹ̀, ọ̀rọ̀ àbọ̀ á sì ti gba ọkàn wa. Tó bá ti di aago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó tún gbádùn ohun tó ń wò mọ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko lóòótọ́, àmọ́ ilé tí a gbà yìí, àbọ̀ rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé òkun ò ṣẹ̀ wá, ọ̀nà náà ò sì burú. Ibi tí mo ní ká máa sùn ni mo ṣì yàn.

Ìdí tí mo fi yan Kùtọnu á yé gbogbo ẹni tó bá ti Èkó wá. Iná wà níbẹ̀. Báǹkì tí a ti lè fi káàdì gba owó sẹ́fà wà níbẹ̀. Ọjà Dantokpa wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ tí èèyàn lè bi léèrè ọ̀nà láìsọ Faransé. Mo yan ibùsùn bí ẹni ń yan ibi tí yóò ti ra ọjà. Ẹni tó bá wá ṣòwò, Kùtọnu ni kó sùn, mi ò ní yí i lérò padà. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò rin etíkun, kó jí sẹ́bàá òkun, kó sì tún bá ọ̀sán tó kù padà síbẹ̀, ohun mìíràn ni yóò wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí etíkun náà ṣe rí kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 121 lọ, ti Tógò kò sì tó ìdajì ìyẹn. Láti Kùtọnu dé Lomé, nǹkan bí kìlómítà 150 ni. Ẹni tó bá ń sáré kọjá lọ sí Gánà lè gbà á kọjá láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Kíkéré yìí ló ń tan èèyàn. Ó máa ń dà bíi pé ibi yòówù kí a sùn sí, a ó débi gbogbo. Àmọ́ ilẹ̀ tóóró ni: òkun lọ́wọ́ òsì tí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sà lọ́wọ́ ọ̀tún, iyanrìn àti igi àgbọn láàárín. Ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Ouidah wà ní nǹkan bí kìlómítà 40 sí Kùtọnu. Comè tẹ̀ lé e. Grand-Popo wà ní nǹkan bíi 85. Ẹnubodè Hillacondji, lẹ́yìn náà Aného, Agbodrafo, Lomé. Ẹni tó bá sùn sí orí okùn, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni yóò máa kà ní àkàlọ àti àkàbọ̀ lójoojúmọ́. Agbedeméjì ló yẹ kéèyàn dúró sí, kó máa na ọwọ́ sọ́tùn-ún ní ọjọ́ kan, kó na ọwọ́ sósì ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a ó tún lọ, ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tẹ́ síwájú kí n tó wo àwòrán yàrá kankan. Ìparí oṣù Kìíní ni a lọ. Ọyẹ́ ṣì wà, òjò ò sí, ọdún Vodun tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní sì ti kọjá. Tó bá jẹ́ pé ọdún yẹn lẹ fẹ́ wò, ẹ gba yàrá ní Ouidah lóṣù mélòó kan ṣáájú, nítorí ìlú náà á kún dé ẹnu.

Ouidah ni mo kọ́kọ́ rò. Ìtàn pọ̀ níbẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Tẹ́ńpìlì àwọn òjòlá kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, ojú ọ̀nà ló pín wọn níyà. Odi àwọn Potogí, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1721, ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ Potogí ló wà títí di ọdún 1961. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ títí wọn yóò fi débẹ̀: ìlú Ouidah fúnra rẹ̀ kò sí létí òkun. Kìlómítà mẹ́rin, díẹ̀ ṣáà, ló wà láàárín ìlú àti òkun, ọ̀nà náà ni wọ́n sì ń pè ní ọ̀nà àwọn ẹrú, nítorí òun ni wọ́n dà wọ́n gbà lọ sínú ọkọ̀. Ní òpin rẹ̀, lórí iyanrìn, ni ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Àwọn ilé ìgbàlejò tó sún mọ́ omi jù lọ ní Ouidah, sàkání ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Àgbádárìgì ni wọ́n ti tọ́ Màmá mi dàgbà. Wọ́n mọ ọjà Vlekete, wọ́n mọ kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, wọ́n sì mọ iyanrìn Gberefu. Nígbà tí mo fi àwòrán yàrá kan hàn wọ́n lórí fóònù, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun ní sàkání ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní: "A ó lọ síbẹ̀. A ó dúró, a ó dákẹ́, a ó ṣe àdúrà fún wọn. Àmọ́ mi ò ní fi ibẹ̀ ṣe ibi tí mo ti ń jẹun alẹ́."

Mo gbà. Bí mo bá ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ báyìí nípa ibi tó yẹ kó sùn sí, mo máa ń fi ti Màmá yìí síwájú iye owó. Ibi kan wà tó yẹ kéèyàn lọ, kó sì kúrò níbẹ̀. Ìyẹn kò sọ ibẹ̀ di ibi burúkú, ọ̀wọ̀ ni.

Ní ọjọ́ tí a lọ náà, lẹ́yìn tí a ti ibi ẹnu ọ̀nà yẹn kúrò, Màmá ló rí àwọn obìnrin oníyọ̀ ní Djègbadji. Ìletò ni, láàárín ọ̀sà, níbi tí àwọn igi gbòǹgbò wọn dúró sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, á fi iyọ̀ sílẹ̀ lójú ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Àwọn obìnrin náà á ha iyẹ̀pẹ̀ oníyọ̀ yẹn jọ, wọ́n á dà á sínú agbọ̀n ńlá tí wọ́n gbé ka orí igi, wọ́n á da omi lé e. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ ni iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n ń sè lórí iná títí omi á fi gbẹ tí iyọ̀ funfun á fi kù sídìí ìkòkò. Obìnrin kan tó ń da iná, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Màmá kí i ní èdè Ègùn, òun fi Fọ̀n dáhùn. Fọ̀n àti Ègùn, ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀rọ̀ sì ń wọlé. Màmá ti ìka bọ inú omi tó ń kán, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pa ojú dé, wọ́n rẹ́rìn-ín. A ra iyọ̀ abọ́ mẹ́ta. Ó ń gbóòórùn èéfín títí di òní, nínú ike tí mo kó o sí lórí kábọ́ọ̀dù.

Mo ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni mò ń sọ.

Nǹkan kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́, tó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá yàrá sétí òkun ní apá ilẹ̀ wa yìí mọ̀. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń bọ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá ilẹ̀, ó sì ń ru iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn: láti Gánà gba Tógò, gba Bẹ̀nẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkó. Tí wọ́n bá wá kó òkúta wọ inú òkun láti fi ṣe èbúté, iyanrìn á kóra jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà. Apá ìlà-oòrùn ò ní rí tirẹ̀ gbà, òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ níbẹ̀. Àwa ọmọ Èkó ti fojú rí i. Òkúta tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó láyé òyìnbó ló jẹ́ kí iyanrìn pọ̀ ní Lighthouse Beach ní apá kan, tí òkun fi jẹ Bar Beach ní apá kejì títí omi fi ń ṣàn wọ títì Ahmadu Bello. Mo wà ní kékeré nígbà náà; mo rántí pé a dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, a ń wo omi òkun lórí ọ̀dà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Lomé, tí èbúté rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968. Ìlà-oòrùn èbúté náà títí lọ sí Aného, òkun ti kó ilé, ó ti kó ojú ọ̀nà àtijọ́. Ìsédò Akosombo tí wọ́n ṣe sórí odò Volta ní Gánà ní ọdún 1965 dá kún un, torí iyanrìn tí odò ì bá gbé wá sínú òkun ti há sẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Kùtọnu: ní Fidjrossè, ní apá ìwọ̀-oòrùn èbúté, iyanrìn fẹ̀ rẹpẹtẹ, ní apá ìlà-oòrùn, òkun ti jẹ ilé àwọn èèyàn, wọ́n sì ti ní láti máa kó òkúta sómi kí ó má baà jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ilé ìgbàlejò kan tí wọ́n kọ "ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí òkun" sára àwòrán rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí èbúté wà sí i. Ó lè jẹ́ pé ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ni.

Grand-Popo ni mo wá yan. Òun náà ti jìyà òkun, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìlú òwò ńlá ni láyé ìjọ̀ún, ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníṣòwò òyìnbó tò lẹ́bàá omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wọ inú òkun. Àwọn tó kù, ògiri nípọn, fèrèsé ga, òrùlé ti lọ lórí òmíràn, ọ̀pọ̀tọ́ ti hù nínú rẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n tún ṣe dáadáa ni Villa Karo, ilé àṣà tí àwọn ará Finland àti àwọn ará ibẹ̀ jọ ń lò láti ọdún 2000. Ohun tí mo fẹ́ níbẹ̀ ni bí ilẹ̀ náà ṣe rí: òkun wà níwájú, odò Mono wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn sì lè fi lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀nà ńlá ò gba inú ìlú. Tírélà tó ń lọ Lomé ń kọjá lọ lókè lọ́hùn-ún, títì kékeré kan ló yà wá sísàlẹ̀. Ní alẹ́, ohùn ìgbì nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ní alẹ́ kejì, a tún gbọ́ ohùn kan tó rinlẹ̀ láti apá ìletò, àbúrò mi dìde jókòó. Màmá ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní: "Zangbeto ni. Ó ń ṣọ́ ìlú. Sùn." Ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti mọ eégún náà.

Kí n tó fowó ránṣẹ́ fún yàrá, mo pe onílé náà, mo sì bi í ní ìbéèrè tí n kò bi ẹnikẹ́ni nígbà àkọ́kọ́. Níbo ni mọ́tò máa sùn? Ṣé ilẹ̀ líle ló gbẹ̀yìn kí a tó dé ẹnu géètì, àbí iyanrìn? Aago mélòó ni ẹni tó ń dáná máa ń lọ sílé? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ní irú ilé kékeré báyìí, ìgbà tí ẹ bá sọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ ni wọ́n tó ń lọ ra ẹja. Ẹ sọ ọ́ láàárọ̀, kí ẹ tó gbọ́nà, ẹ ó bá a nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé. Ìwé mọ́tò, Brown Card ti ECOWAS tó jẹ́ ìwé ìbánigbófò mọ́tò, káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan tó ṣeé na ọwọ́ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì ni mọ́tò rì. Àbúrò mi rí ojú ọ̀nà kan tó ń tẹ̀ lé òkun lọ sí apá ẹnu odò, àwọn igi àgbọn to sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wù ú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Bó ṣe ń tẹ iná ni ó ń wọlẹ̀ sí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi wò wá títí, wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wá. Wọn ò ti mọ́tò o. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó jò afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi rọ̀ bí ẹ̀bà. Àwọn yòókù já imọ̀ àgbọn, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú táyà bí ẹní. Ó ní kí àbúrò mi má tẹ iná, kó kàn fẹsẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Mọ́tò náà gun orí imọ̀, ó jáde bíi pé kò rì rí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ tí a fi ń fún afẹ́fẹ́ sí táyà kì í kúrò nínú búùtù wa.

Ọ̀dọ̀ àwọn náà la ti rí ẹni tó fi ọkọ̀ ajẹ̀ gbé wa lọ sí Bouche du Roy lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni odò Mono ti ń wọ òkun. Ìlà iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ya omi dídùn sọ́tọ̀ kúrò lára omi iyọ̀, ẹnu odò náà kì í sì dúró síbì kan. Òkun ń tì í, odò ń tì í, ó ń ṣí kiri láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ń tukọ̀ nawọ́ sí àárín omi, ó ní ibẹ̀ yẹn ni ilé bàbá òun wà. Omi ni mo rí, àti ẹyẹ funfun kan tó dúró lórí èèkàn. Ní ọdún 2017, UNESCO fi gbogbo agbègbè odò náà, ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò, sí ara àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Èmi sọ fún ẹ̀yin tí ẹ bá lè lọ pé kí ẹ má fi falẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, a na ọwọ́ sí apá kejì, a wọ Tógò. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: aago Tógò fi wákàtí kan gbẹ̀yìn aago Bẹ̀nẹ̀ àti tiwa. Tí ẹ bá kúrò ní Grand-Popo ní aago mẹ́jọ, tí ẹ kọjá Hillacondji, aago ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lu mẹ́jọ padà. Ẹ ó rò pé ẹ jèrè. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n á gba wákàtí yẹn padà lọ́wọ́ yín, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. A ti fẹnu kò pé tó bá ti di aago mẹ́ta wọn, a ó yí padà, ibi yòówù kí a dé. Ibi tí a sùn sí ló jẹ́ kí ìpinnu yẹn rọrùn. Ká ní Kùtọnu ni, aago kan la ò bá ti máa sá padà.

Aného lẹ́wà ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀sà ya ìlú sí méjì, afárá so ó pọ̀, àwọn ọmọdé ń bẹ́ sómi lábẹ́ rẹ̀. Àwọn Jámánì fi ibẹ̀ ṣe olú ìlú wọn kí wọ́n tó kó lọ, kí ó tó wá di Lomé ní ọdún 1897. A kọjá Kpémé, níbi tí afárá irin gígùn kan ti na ara rẹ̀ sínú òkun, tí ọkọ̀ òkun ń wá gba fọ́síféètì níbẹ̀. Òkun ibẹ̀ yàtọ̀ ní àwọ̀. Ó pọ́n bí omi àgbàrá. Ní Agbodrafo, wọ́n mú wa wọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé Wood. Ilé tó dára lójú ni, fàráǹdà yí i ká. Ẹni tó ń mú wa kiri ká pákó ilẹ̀ kúrò, ó ní ká wo abẹ́ rẹ̀. Àyè kan wà níbẹ̀ tí àgbàlagbà ò lè dúró nínú rẹ̀, kò sì lè jókòó kó gbórí sókè. Lẹ́yìn tí òfin ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ ni wọ́n ń fi èèyàn pamọ́ síbẹ̀, títí ọkọ̀ á fi dé lóru. Àbúrò mi wọlé, ó fi orúnkún àti ìgúnpá rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó jáde. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé etí adágún.

A wọkọ̀ kọjá sí Togoville, níbi tí Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ti bá wọn fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884 tí ilẹ̀ náà fi bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. A ò dé Lomé. Aago mẹ́ta lù, a yí mọ́tò padà. Mo rò pé yóò dùn mí. Kò dùn mí rárá. Oòrùn ṣì wà nígbà tí a yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, ẹja yíyan àti ablo gbígbóná ti ń dúró dè wá, Màmá sì ti rí àyè wẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òkun náà ò ṣeé wẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín. Ìgbì rẹ̀ ga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń fani, àwọn tí wọ́n dàgbà síbẹ̀ gan-an kì í fi ṣeré. Ohun tí a fi í ṣe ni pé a jókòó tì í. Màmá ló kọ́kọ́ ń jí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká padà sílé, mo bá bẹ́ẹ̀dì wọn lófìfo. Mo jáde, iyanrìn tutù lẹ́sẹ̀ mi. Lápá òsì, àwọn èèyàn bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ to sórí okùn kan tó ti inú òkun wá, wọ́n ń fa àwọ̀n. Òru ni ọkọ̀ ti gbé e lọ sínú omi. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ walẹ̀, wọ́n ń fà. Ẹni tó bá ti dé ẹ̀yìn pátápátá á jọ̀wọ́ okùn, á tún sáré lọ sí iwájú lẹ́bàá omi, á dì í mú níbẹ̀. Màmá wà láàárín wọn. Wọ́n ti gbá aṣọ mọ́ra ní ìbàdí, ìró ti tutù dé orúnkún. Wọn ò mọ orin náà, àmọ́ wọ́n ti mọ ègbè rẹ̀.

Mo dúró, mi ò pè wọ́n. Ó gba nǹkan bí wákàtí kan kí ikùn àwọ̀n náà tó yọ. Ó kọ́kọ́ dà bí òkúta dúdú nínú ìfóófòó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó ń ta pàrà-pàrà. Sáwá ló pọ̀ jù, alákàn wà nínú rẹ̀, ẹja pẹlẹbẹ kan bí abẹ̀bẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún pín in. Nígbà tó kan Màmá, ó bu ìwọ̀n kan náà tó bu fún àwọn obìnrin yòókù, ó dà á sínú ìró wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n dúpẹ́.

Wọ́n kọjá lára mi, omi ẹja ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn wọn lórí iyanrìn. Àbúrò mi ti kó ẹrù sínú búùtù, ó ń nu gíláàsì iwájú. Màmá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé ìdáná ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n tú ẹja náà sínú abọ́ fún obìnrin tó ń dáná, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un ní Ègùn bí wọ́n ṣe fẹ́ kó sè é, pẹ̀lú ata tútù, fún oúnjẹ alẹ́.

Mo lọ bá onílé láti bèèrè bóyá yàrá wa ṣì ṣófo fún ọjọ́ kan sí i.